Ẹ Ka Eyín Kẹ̀kẹ́ Yín Kí Ẹ Tó Gun Òkè

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Kí ìyá kankan má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá pé ọ̀rọ̀ àwọn géńdé tí ń sáré ìje ni. Ọ̀rọ̀ náà kan owó ilé, ó kan ìlera baálé ilé, ó sì kan orúnkún àwọn ọmọ wa.

Bí ẹ bá jáde ní Gowon Estate lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ní ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, ẹ ó rí àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ wọn kọjá. Àwọn kan kì í kọjá Ẹ̀gbẹ́dá kí wọ́n tó padà sílé. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti le a gba Ìyànà-Ìpájà bọ́ sí títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín tẹ́, kò ní òkè ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá la Sáńgó, Ìfọ̀, Pápálantó àti Ìtòrí kọjá, tí ó sì wọ Abẹ́òkúta, yóò mọ̀ pé ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ òkúta Olúmọ ní nǹkan bí 1830 kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn náà ń kọ́. Ẹni tí ó bá ti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó lọ, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá nì ti wà láti 1929, ti mọ ohun tí mò ń wí.

Baálé ilé kan wà nínú ìjọ wa tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 50. Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí ó sì máa ṣe eré ìdárayá. Ó lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, kẹ̀kẹ́ ìje tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Ẹni tí ó tà á fún un búra pé kẹ̀kẹ́ àwọn asáré Òyìnbó ni. Òótọ́ ni ó sọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà. Bí bàbá yìí bá ti dé ibi tí ilẹ̀ ga díẹ̀, á dìde dúró lórí pẹ́dà, á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán ọdún. Láìpẹ́, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Kí oṣù méjì tó pé, kẹ̀kẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń sá aṣọ lé ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí á ta kẹ̀kẹ́ yìí. Ara yín kò gba ìyà báyìí mọ́. Ẹ kúkú máa fi ẹsẹ̀ rìn."

Ọkọ dáhùn pé, "Ìyá Ìbejì, bí mo bá tà á, àwọn ọ̀dọ́ á ní mo ti di arúgbó."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó dá bàbá yìí dúró lójú òkè. Eyín kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni.

OHUN TÍ JÍÀ Ń ṢE

Kẹ̀kẹ́ ní àwo eléyín níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà. Ó tún ní àwọn àwo eléyín mìíràn tí a tò léra ní àárín táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ni ó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí àwo iwájú bá tóbi, tí ti ẹ̀yìn sì kéré, ẹ ó yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí lọ́pọ̀ ìgbà. Kẹ̀kẹ́ á lọ jìnnà, ṣùgbọ́n á wúwo lẹ́sẹ̀. Bí àwo iwájú bá kéré, tí ti ẹ̀yìn sì tóbi, kẹ̀kẹ́ kò ní lọ jìnnà ní ìyípo ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n á fúyẹ́.

Ẹ̀yin ìyá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí 100 lítà omi bá wà nísàlẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan lè fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 gbé e ní ìgbà mẹ́rin. Ẹlòmíràn a fi garawa onílítà 10 gbé e ní ìgbà mẹ́wàá. Omi kan náà ni, àtẹ̀gùn kan náà ni. Ẹni tí ó lágbára lè fi kẹ́ẹ̀gì gbé e kí ó sì tètè sinmi. Bí ẹni tí kò lágbára bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jíà rí. Kò sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì fi agbára kún agbára. Ó kàn ń pín ẹrù náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹsẹ̀ lè gbé e.

Ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, jíà kan ṣoṣo ni ó ní. Bí òkè bá dé, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a tì í gòkè, wọn a tún gùn ún. Àwọn mìíràn ní jíà mẹ́ta tí ó fara sin sínú ìdí táyà ẹ̀yìn, irú èyí tí orúkọ Sturmey-Archer ti mú gbajúmọ̀ láti ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù, jíà ìsàlẹ̀ ń sọ ẹrù ẹsẹ̀ di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹni tí ó bá sì ní in kì í tètè sọ̀ kalẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KA EYÍN

Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí eyín kan, kí ẹ máa kà láti ibẹ̀ títí ẹ ó fi yí i ká. Lára ọ̀pọ̀ àwo, wọ́n ti tẹ iye náà sí i lára, bí ẹ bá nu gíríìsì kúrò ẹ ó rí i. Iye méjì ni a fẹ́ mọ̀: àwo tí ó kéré jù níwájú, àti àwo tí ó tóbi jù lẹ́yìn. Àwọn méjì yìí ni wọ́n jọ ṣe jíà tí ó fúyẹ́ jù lórí kẹ̀kẹ́ náà.

Kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́ sábà máa ń ní eyín 53 àti 39 níwájú. Lẹ́yìn, èyí tí ó tóbi jù kì í sábà ju 23 tàbí 25 lọ. Ti Bàbá Ìbejì jẹ́ 39 níwájú àti 23 lẹ́yìn. Ẹ pín 39 sí ọ̀nà 23, ẹ ó rí 1.7. Ìyẹn ni pé bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí ju ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ lọ. Táyà kẹ̀kẹ́ ìje a máa rìn tó nǹkan bí mítà 2.1 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kẹ̀kẹ́ bàbá yìí ń lọ tó mítà 3.6 ní ìyípo ẹsẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí á ní òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá yìí kò fi lè ju kìlómítà 9 lọ ní wákàtí kan. Ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè yí ju nǹkan bí ìgbà 42 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ tí ó bá ń yí lọ́ra báyẹn ní láti tẹ pẹ́dà tagbáratagbára, orúnkún ni ó sì ń ru gbogbo rẹ̀. Ó máa ń rọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn lójú òkè bí ẹsẹ̀ wọn bá ń yí tó ìgbà 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wá wo kẹ̀kẹ́ mìíràn tí ó ní 34 níwájú àti 32 lẹ́yìn. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 1.06. Ní ìyípo ẹsẹ̀ kan, kẹ̀kẹ́ á lọ ní mítà 2.2. Ní kìlómítà 9 kan náà ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ á yí ní ìgbà 67. Òkè kò yí padà, ìrìn kò yí padà, ṣùgbọ́n orúnkún rí ìsinmi, èémí sì ń lọ wẹ́rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ẹni tí kì í ṣe asáré, tí ó sì fẹ́ gun òkè, kí ó wá kẹ̀kẹ́ tí jíà rẹ̀ tí ó fúyẹ́ jù sún mọ́ 1. Ẹni tí ó sanra, ẹni tí ó di ẹrù sẹ́yìn, àti ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀ wá èyí tí kò tó 1, bíi 30 níwájú àti 34 lẹ́yìn.

ÌTÌJÚ TÍ KÒ NÍDÌÍ

Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa pe àwo ńlá ẹ̀yìn ní jíà arúgbó. Ẹ̀gàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1902, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé tí ń jẹ́ Touring Club de France dán kẹ̀kẹ́ wò ní ilẹ̀ olókè. Obìnrin kan, Marthe Hesse, gun kẹ̀kẹ́ tí ó ní jíà mẹ́ta. Ọkùnrin asáré kan, Edouard Fischer, gun èyí tí ó ní ẹyọ kan. Obìnrin náà gun gbogbo òkè láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì borí ọkùnrin náà. Inú Henri Desgrange, olóòtú ìwé ìròyìn eré ìdárayá kan, kò dùn sí i. Ó kọ ọ́ jáde pé lójú tòun, àwọn tí ó ti lé ní ọdún 45 ni jíà tí ń yí padà yẹ. Èmi tí mò ń kọ èyí kò jìnnà sí iye ọdún tí ó dá yẹn, n kò sì bínú sí i.

Desgrange yìí kan náà ni ó dá eré Tour de France sílẹ̀ ní 1903, ó sì kọ̀ fún àwọn asáré láti lo ẹ̀rọ tí ń sún ṣéènì láti àwo kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a tú táyà ẹ̀yìn, wọn a yí i padà sí apá kejì tí eyín rẹ̀ pọ̀ jù, wọn a tún dè é. Ó di 1937, lẹ́yìn tí Desgrange ti kúrò nídìí àkóso, kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ náà láàyè. Lónìí kò sí ẹnì kan nínú wọn tí yóò gun òkè láìní in.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìje àgbáyé ti ojú títì wáyé ní Kigali, olú ìlú Rwanda, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìje náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà àwọn ọkùnrin jẹ́ kìlómítà 267.5, ti àwọn obìnrin jẹ́ 164.6, òkè ni lọ́tùn-ún lósì, díẹ̀ péré ni ó sì parí ìje àwọn ọkùnrin. Láyé ìsinsìnyí, kẹ̀kẹ́ irú àwọn asáré bẹ́ẹ̀ ń ru àwo ẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ lé ní 30. Bí àwọn tí Ọlọ́hun fi agbára jíǹkí tó báyìí kò bá tijú rẹ̀, kí ni bàbá tí ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí ó ń gba sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bọ̀ wálé lálẹ́ ń tijú sí?

Ẹ̀sìn wa gan-an kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí. Arìnrìn-àjò a máa gé ìrun onírakáà mẹ́rin sí méjì. Aláìsàn tí kò lè dúró a jókòó kírun. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú oṣù àwẹ̀ a jẹun, a sì gbà á padà ní ọjọ́ mìíràn. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹ̀sìn tí yóò pe ìyẹn ní ọ̀lẹ, nítorí ìrọ̀rùn náà ni ó jẹ́ kí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré lè máa bá iṣẹ́ rere lọ láìdáwọ́ dúró. Ara wa yìí, àmánà ni ó jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fi orúnkún rẹ̀ ra ìyìn àwọn ọ̀dọ́, ọjà tí ó rà wọ́n púpọ̀.

BÍ KẸ̀KẸ́ YÍN BÁ LE JÙ

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà, ẹ ka eyín kí ẹ tó sanwó. Ẹ má wo ọ̀dà dídán. Bí ẹ bá rí 50 àti 34 níwájú, tàbí àwo mẹ́ta tí èyí tí ó kéré jù jẹ́ 30, ó dára fún òkè ju 53 àti 39 lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí ó sábà máa ń dínwó ju ti iwájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun mẹ́rin sọ́kàn. Èkíní, iye àwo ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu: bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án ni kí ẹ rà. Èkejì, ẹ̀rọ kékeré tí ń sún ṣéènì lẹ́yìn ní apá tí ó so rọ̀. Èyí tí apá rẹ̀ kúrú lórí kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́ kì í sábà gba àwo tí ó ju eyín 28 lọ. Ẹni tí ó fẹ́ 32 tàbí 34 ní láti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí apá rẹ̀ gùn. Ẹ̀kẹta, àwo ńlá ń fẹ́ ṣéènì gígùn. Ẹ jẹ́ kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi ṣéènì kọ́ àwo ńlá iwájú àti àwo ńlá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá le gan-an níbẹ̀, ó kúrú, ó sì lè fa ẹ̀rọ náà ya lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi ṣéènì tí ó ti gbó sórí àwo tuntun, á tètè jẹ eyín àwo náà.

Bí ẹ bá fẹ́ tún iwájú ṣe, ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má ta àwo 34 fún yín fún apá pẹ́dà tí a ṣe fún 53 àti 39. Ihò ìdè rẹ̀ jìnnà síra, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò lè gba àwo tí ó kéré sí eyín 38. Ẹni tí ó bá fẹ́ 34 níbẹ̀ ní láti pààrọ̀ apá pẹ́dà pẹ̀lú.

Ti Bàbá Ìbejì, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n fi àwo tí ó tóbi dé 32 sí i, wọ́n fi ẹ̀rọ alápá gígùn àti ṣéènì tuntun sí i, wọ́n fi 39 iwájú sílẹ̀. Ó bọ́ sí 1.22. Lójú òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yí ní ìgbà 42 tẹ́lẹ̀, ó di nǹkan bí 58. Kò tíì dé 1 tí mo wí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà hàn sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lọ, ó sì ń padà lọ rí dókítà rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Òun ni ó kẹ́yìn gun òkè, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìbejì sì ti wá ibòmíràn sá aṣọ.

FÚN ÀWỌN ÌYÁ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ

Ní 2024, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Ese Ukpeseraye, gun kẹ̀kẹ́ nínú ìje ojú títì Òlíńpíìkì ní Paris. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wí pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti obìnrin. Ìyá tí ó fẹ́ gùn ún nínú aṣọ tí ó bo ara dáadáa, kí ó wọ ṣòkòtò sábẹ́, kí ó so etí rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ni ṣéènì wà, kí ó má sì jẹ́ kí ìborùn tàbí ẹ̀wù gígùn fò dé táyà. Jíà fífúyẹ́ ni kí ó wá, ní pàtàkì bí ó bá ń gbé ẹrù ọjà.

Ní ti ọmọ, ẹ má ra kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà tí jíà rẹ̀ wúwo fún un nítorí pé yóò dàgbà bá a. Egungun rẹ̀ ṣì ń gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì ní agbára. Ọmọ tí jíà bá fúyẹ́ fún á fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Èyí tí ó bá wúwo fún á sọ ọ́ jù sẹ́yìn ilé.

LÓJÚ ÒKÈ GAN-AN

Ẹ yí jíà sí fífúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n, tí ó sì ń tẹ pẹ́dà tagbáratagbára, ṣéènì lè bọ́ tàbí kí ó já. Ẹ rọ ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá ń yí i. Ẹ jókòó, ẹ mí dáadáa, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú: bí gìgísẹ̀ yín bá wà lórí pẹ́dà nígbà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ yín nà gbọọrọ. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù a máa pa orúnkún lára bí jíà tilẹ̀ fúyẹ́.

Ẹ dé akoto. Ẹ dán bíréèkì wò kí ẹ tó jáde, nítorí gbogbo òkè tí a gùn ni a ó sọ̀. Ẹ má dá nìkan gba títì Abẹ́òkúta, ẹ má sì gbà á nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ti pọ̀. Ẹni tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí kẹ̀kẹ́ kan bá wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yín tí baálé ilé ti pa tì, ẹ má tíì tà á. Ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ fún wọn ní ẹfun, kí wọ́n ka eyín rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ìlera ilé yín kò jìnnà ju eyín mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ. Kí Ọlọ́hun fún ẹsẹ̀ wa lókun, kí ó ṣọ́ àlọ wa, kí ó ṣọ́ àbọ̀ wa. Àmín.